Oyin Abẹ́ Igi Liepa

Alksnupė,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù keje, ọdún 1994.

Vaidotas, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara, báwo sì ni iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi? Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá ọ ní àlàáfíà, kó o sì ti jẹun kó o tó ṣí i. Ara tiwa le. Ti bàbá àgbà rẹ náà le, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ló le jù.

Ẹnu ṣì ń yà mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tó ni ilé ńlá yìí ti dé. Ilé ẹjọ́ ti dá a padà fún un, a sì ti ń di ẹrù láti ọjọ́ tí a ti gbọ́. Mi ò kọ́kọ́ mọ ibi tí mo máa gbé bàbá àgbà rẹ, arúgbó ẹni ọdún mọ́kànléláàdọ́rùn-ún, gbà.

O mọ ìtàn ilé náà. Ìjòyè tó kọ́ ilé ọ̀hún gbin igi liepa kan, igi olódòdó tí oyin fẹ́ràn, fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bí. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ilé ta tẹ́tẹ́, ìyàwó rẹ̀ ló gbà á sílẹ̀. Lọ́dún 1941, àwọn sójà tó gba ilẹ̀ wa kó ìdílé náà lọ sí ìgbèkùn ní Sàìbéríà. Wọ́n sọ ilé náà di ti oko ìjọba, wọ́n da ọkà sí gbọ̀ngàn ijó, wọ́n sì fún wa ní yàrá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Gbogbo wọn wá, gbogbo wọn lọ. Àwọn kòkòrò oyin tó wà lábẹ́ igi liepa, tí bàbá àgbà rẹ ti ń bá wọn tọ́jú láti ìgbà èwe rẹ̀, nìkan ni kò lọ.

Ìyáàfin Kotryna lorúkọ ẹni tó dé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí wọ́n kó wọn lọ. Ó wọlé láìrẹ́rìn-ín, ìwé ilé ẹjọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ilé. Ìgbà wo lẹ máa kó jáde?" Bàbá àgbà rẹ fi ọ̀pá tọ́ka síta, ó ní, "Kotryna, wá wo oyin ìyá rẹ ná, kó o tó lé wa. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kó yín, ó ké sí mi látinú ọkọ̀, ó ní, 'Motiejus, mo pín oyin mi pẹ̀lú rẹ. Bá mi tọ́jú rẹ̀.' Ìdajì tìrẹ rèé. Má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, mi ò lá gbogbo ẹ̀ tán."

Obìnrin náà bá wa jáde, ó gbé ọwọ́ lé àpótí oyin, ó sì bú sẹ́kún. Ìran oyin kan náà ni, ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta! Orí mi wú. Nígbà tó yá ó ní, "Ní Sàìbéríà, ìyá mi máa ń sọ pé a ṣì ní ẹbí kan nílé. Mo rò pé ọpọlọ wọn ti ń dàrú ni. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni." O mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, àwọn tó bá jọ pín oyin ti di ẹbí. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ tú ẹrù yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́."

Kí Ọlọ́run pa ọ́ mọ́ lórí omi, kó sì mú ọ padà wá bá wa nílé yìí.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Stefanija.

Mo gbàgbé èyí: bí olóyin bá kú, a máa ń kan àpótí oyin bí ẹni kan ilẹ̀kùn, a ó sọ fún àwọn oyin kí wọ́n má baà ṣí lọ. Gbogbo ọdún wọ̀nyí tí wọ́n ń sọ pé ìyáàfin àtijọ́ ti kú, bàbá àgbà rẹ kọ̀, kò kàn án. Láàárọ̀ yìí Kotryna sọ ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kú fún un, àwọn méjèèjì sì jọ lọ síbẹ̀. Mo gbọ́ ohùn bàbá àgbà rẹ bó ṣe ń kan àpótí: "Ìyáàfin yín ti sùn. Ọmọ wọn ti dé." Mo dúró wo àwọn oyin títí di ọ̀sán. Wọn kò lọ.