Omi Òṣun nínú Rédíétọ̀

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tòkunbọ̀ mi ti kú. Mẹkáníìkì tú rédíétọ̀, ẹrẹ̀ pupa ló ń dà jáde. Ó ní, "Ọ̀gá, ta ló ń da omi odò sí ọkọ̀ yìí?"

Màámi ni. Ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè, kí n tó wà á lọ sí ọ́fíìsì ní Àbẹ̀rẹ̀, wọ́n á bu omi Òṣun sí i: "Yèyé á sìn ọ́ lọ, á sìn ọ́ bọ̀." Mo rò pé kọ́ọ̀pù kan ò lè ṣe é ní nǹkan.

Oṣù tó kọjá la sin wọ́n.

Mẹkáníìkì fẹ́ da omi náà nù. Mo pariwo mọ́ ọn. Ó wò mí bí ẹni ń wo wèrè.

Ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Omi ni mo gbé wálé.