Kì í Ṣe Òkun Ló Pa Olúwaṣèyítán

Láti ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́, Ilé-Ẹ̀kọ́ Yorùbá Ọjọ́ Sátidé, Decatur, Atlanta
Sí Màmá Ọlágúnjú àti gbogbo ẹbí, Ẹdẹ

Màmá wa ọ̀wọ́n,

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni àwa òbí àti olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ yìí fi ń bá yín kẹ́dùn ikú ọmọ yín, Ọ̀mọ̀wé Olúwaṣèyítán Ọlágúnjú, tí í ṣe olùkọ́ àwọn ọmọ wa. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Kò yẹ kí ìyá kankan gba irú ìwé yìí nítorí ọmọ tó bí.

Bí àwọn ẹgbẹ́ ṣe máa ń ṣe nínú ìwé báyìí, ìyìn ló yẹ kí á fi bẹ̀rẹ̀, ìyìn sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ bi wá ní ìbéèrè kan lórí fóònù níbi ìpàdé àdúrà ọjọ́ Àìkú, òun ni a fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn. Ẹ ní ẹnì kan pè yín láti Fairburn, ìlú kan nítòsí wa níbí, ó sọ fún yín pé omi òkun ti di ásíìdì, pé omi ọ̀hún sì ni ọmọ yín ń lọ bù kiri. Ẹ ní ṣé òun ló jẹ ẹ́ nínú títí ó fi kú. Ẹ tún ní ìyàwó tó mọ̀ pé iṣẹ́ tí ọkọ òun ń ṣe nìyẹn tí kò sì dá a dúró, ẹ kò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Monísọ́lá, ìyàwó ọmọ yín, wà nínú yàrá náà, Màmá, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ bó ṣe rí. Kì í ṣe òkun ló pa á. Àárọ̀ Sátidé ni, ó ń múra àtiwá kọ́ àwọn ọmọ, ó ti wọ bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó ní àyà ń dun òun, ó sì ṣubú sí pálọ̀ ilé wọn ní Ellenwood. Nọ́ọ̀sì ni Monísọ́lá. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ láyà kí ọkàn rẹ̀ má baà dákẹ́, kò sì jáwọ́ títí áḿbúláǹsì fi dé. Àwọn dókítà ní iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn ló dí. A gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá rẹ̀ ṣe lọ, ẹ̀yin lẹ mọ ìyẹn jù wá lọ. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ìyàwó lè dá ọkọ padà ni, Olúwaṣèyítán ì bá wà láàyè lónìí.

Ní ti ásíìdì tí ẹ gbọ́, inú kíláàsì wa ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. A ní kí Ṣèyítán sọ fún àwọn òbí nípa iṣẹ́ tó máa ń gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí òkun oníyìnyín, lókè téńté ayé lọ́hùn-ún. Ó ní omi ibẹ̀ ń di ásíìdì díẹ̀díẹ̀. Háà! Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ásíìdì jẹ́ létí ọmọ Nàìjíríà: èyí tó wà nínú bátìrì mọ́tò, èyí tí àwọn ìkà ń dà síni lójú. Aunty Joanna, tó máa ń ṣètò bí a ṣe ń kó àwọn ọmọ lọ sí etí òkun ní Savannah nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, fagi lé ìrìn-àjò ọdún yẹn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò lè kó ọmọ ọlọ́mọ lọ wẹ̀ nínú ásíìdì. Nígbà tí Ṣèyítán gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn kó bá òun, òun á wá ọ̀rọ̀ tiwa.

Kíkan ni ọ̀rọ̀ tó mú wá ní Sátidé kejì. Ó ní òkun ń kan, bí ògì ṣe ń kan, àmọ́ kì í ṣe kíkan tí ẹnu lè tọ́ wò. Ó gbé ìgò mínírà méjì kalẹ̀, ọ̀kan láti inú fíríìjì, ìkejì láti inú mọ́tò tó ti wà nínú oòrùn. Ó ṣí èyí tó gbóná, ó ru jáde, ó sì ba aṣọ Uncle Akín, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, jẹ́. Èyí tó tutù kàn hó díẹ̀ ni, ó sì dákẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni omi tútù ṣe máa ń di afẹ́fẹ́ mú sára ju omi gbígbóná lọ. Afẹ́fẹ́ tó ń hó nínú mínírà yẹn náà ló ń jáde nínú èéfín mọ́tò, ti bàálù àti ti jẹnẹrétọ̀. Òkun ń gbé lára rẹ̀ mì, bó sì ṣe ń gbé e mì ló ń kan. Òkun tútù ni ọ̀rọ̀ náà mú jù.

Ó tún fi ẹyin sínú fínígà, omi kíkan tí wọ́n ń wọ́n sí sàláàdì. Nígbà tí a máa fi padà dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, èèpo rẹ̀ ti yọ́ tán, ó wá rọ̀ bọ̀jọ̀. Ó ní ìgbín kan wà nínú òkun tútù tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ, ohun tí a fi ṣe èèpo ẹyin ni a fi ṣe ìkarahun tirẹ̀ náà. Òkun kò tíì kan tó fínígà, kò sì ní kan tó o. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó ń kan yẹn ti tó láti mú kí ìkarahun wọn máa fẹ́lẹ́.

Ó bu lára omi òkun oníyìnyín tó gbé bọ̀ sínú kọ́ọ̀bù kan. Hephzibah, ọmọ-ọmọ yín, ló kọ́kọ́ ti ìka bọ̀ ọ́. Ó lá a, ó ní iyọ̀ lásán ni. Omi tí kò jó ọmọdé lẹ́nu kò lè jẹ bàbá rẹ̀ nínú.

Ọmọ kan tó ń jẹ́ Divine wá bi í pé kí ló kan Uncle nínú ìgbín tí kò tó nǹkan. Màmá, ẹ gbọ́ ohun tó fi dá a lóhùn. Ó ní pánlá ìyá òun ni. Ó ní láti inú òkun tútù ni pánlá tí ẹ fi ń se ọbẹ̀ l'Ẹdẹ ti ń wá, pé ẹja kéékèèké ló ń jẹ ìgbín yẹn, ẹja ńlá sì ń jẹ ẹja kéékèèké. Bí ìgbín bá tán, a ò mọ ohun tó máa ṣẹ́ kù fún ìkòkò. Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Ó ń lọ bu omi náà, ó ń wọn bó ṣe kan tó, ó sì ń padà lọ lọ́dún míì láti mọ̀ bóyá ó ti kan sí i. Ó ti kan sí i.

Ní ti ìrànlọ́wọ́, a kò ní sọ ju agbára wa lọ. Nígbàkígbà tí Monísọ́lá bá wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù, ọ̀dọ̀ Aunty Joanna ni Hephzibah yóò máa sùn. Uncle Akín ni yóò máa gbé e wá sí kíláàsì, òun náà ni yóò sì máa fi ẹyin àti fínígà kọ́ àwọn ọmọ lọ́dọọdún, ní orúkọ ọmọ yín. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ní kú mọ́ Ṣèyítán lẹ́nu.

Ó ku ohun kan. Hephzibah ní òun fúnra òun ló máa ṣàlàyé iṣẹ́ bàbá òun fún yín, ó sì ti ń fi kọ́ra láti ìjẹta. Bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí síbí, ohùn Yorùbá kò tíì dúró lẹ́nu rẹ̀. Tó bá fẹ́ pe òkun, okun ló máa ń pè. Àwa olùkọ́ a máa tún un ṣe, àmọ́ bàbá rẹ̀ á ní kí á fi í sílẹ̀ jàre, pé ẹni tó ń lọ sí òkun yẹn nílò okun dáadáa. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, tí a bá jáde nínú ìsìn, ni yóò pè yín. Kò ní fóònù tirẹ̀. Nọ́ńbà Monísọ́lá ni ẹ máa rí. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ gbé e.

Kí Ọlọ́run tó ni omi gbígbóná àti omi tútù jókòó tì yín nínú ilé yín l'Ẹdẹ. Kí Ó nu ojú yín, kí Ó nu ojú ìyàwó ọmọ yín, kí Ó má jẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì dá sunkún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí Ó sì fún yín ní okun, bí Hephzibah ṣe máa pè é gẹ́lẹ́. Àmín.

Táyọ̀ Láńrewájú
Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́