Ta Ni Yóò Sọ̀kalẹ̀ Nínú Ọkọ̀ Náà?

Dádì mi àtàtà,

Mọ́mì ní kí n kí yín. Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń san díẹ̀, àmọ́ wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni jókòó sórí àga yín níwájú ilé. Òjò ń pa á, oòrùn ń pa á, wọn ò sì jẹ́ ká gbé e wọlé. Nígbà míì tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ó máa ń ku díẹ̀ kí n kúnlẹ̀ kí yín kí n tó rántí. Láti ìta géètì lẹ ti máa ń dá ìró bàtà mi mọ̀, ẹ ó sì bi mí bí títì ṣe rí ní Mile 12. Kò sẹ́ni tó ń bi mí mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló jẹ́ kí n kọ̀wé sí yín. Ẹ̀yin tí ẹ lo ọjọ́ ayé yín nídìí ọkọ̀, ṣé ẹ máa gbà á gbọ́ pé ọkọ̀ tí kò ní dírẹ́bà ti dé? Òun fúnra rẹ̀ ló ń wa ara rẹ̀. Kámẹ́rà ni ojú rẹ̀, kọ̀ǹpútà ni ọpọlọ rẹ̀. Wọ́n ti ń lò ó nílùú òyìnbó, wọ́n sì ń bá ara wọn jiyàn lé e lórí níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan wá fẹ́ dán an wò nínú ẹ́sítéètì kan lápá Ṣángíṣà, ìjọba sì ń wá irú òfin tí wọ́n máa ṣe lé e. Ni wọ́n bá pe aráàdúgbò sí ìpàdé ní gbọ̀ngàn kan ní Ìkòsí. Mo lọ. Bóyá torí pé ká ní ẹ wà láyé ni, ẹ̀yin lẹ ò bá kọ́kọ́ débẹ̀.

Èrò pọ̀. Àwọn dírẹ́bà Kẹ́tu jókòó sápá kan, àwọn ará ilé-iṣẹ́ náà wà níwájú. Obìnrin kan lára wọn dìde, ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní ọkọ̀ àwọn kì í mutí, kì í tòògbé, kì í bínú. Bàbá kan fò dìde láàrin àwọn dírẹ́bà.

"Mádàámù, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ ńkọ́? Fóònù tí mo fi ń pe ìyàwó mi gan-an, kì í gbọ́ràn sí mi lẹ́nu!"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ẹlòmíì tún béèrè pé bó bá pa èèyàn, ṣé kọ̀ǹpútà ni ọlọ́pàá máa mú lọ sí àgọ́? Ẹ̀rín ìyẹn ò pẹ́ lẹ́nu wa.

Obìnrin náà ní, "Ẹ ṣáà rántí pé bí ojú ọkọ̀ yìí bá bàjẹ́, yóò dúró fúnra rẹ̀ ni. Kò ní fi pamọ́ fún yín."

Dádì, ńṣe ni mo sorí kọ́.

Torí pé ẹ̀yin fi pamọ́. Dókítà ti kìlọ̀ fún yín pé ojú yín ń bàjẹ́, kí ẹ má wakọ̀ mọ́, ẹ ò sọ fún Mọ́mì, ẹ ò sọ fún ọ̀gá yín. Àrùn ojú yẹn kì í dunni. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ ìran wọlé, bí kòkòrò ṣe ń jẹ ewé láti etí. Ẹ ṣì ń rí iwájú, ẹ sì rò pé iwájú nìkan ti tó. Títí di àárọ̀ ọjọ́ tí Ràṣídà, ọmọ Alájì tó múlé gbè wá, já sí títì láti ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú báàgì ilé ìwé rẹ̀, tí ẹ ò rí i rárá.

Wọ́n ní àwọn kan ń pariwo pé kí ẹ sá kí wọ́n má baà lù yín. Ẹ ò sá. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ gbé ọmọ náà mọ́yà, ẹ ń sunkún bí ẹ ṣe ń sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Nígbà tí Alájì dé, tí àwọn èèyàn ń sọ pé ọmọ ló já lu ọkọ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú rẹ̀.

"Alájì, ẹ má dá ọmọ lẹ́bi. Ojú mi ni. Mo ti mọ̀ tipẹ́."

Ẹ ò wakọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Lójoojúmọ́ lẹ ń lọ kí ọmọ náà. Ó pẹ́ kí Alájì tó dá yín lóhùn, ẹ ò sì yéé lọ. Ẹsẹ̀ Ràṣídà tó ṣèṣe jinná, àmọ́ ó ń tiro. Nígbà tí ojú yín wá fọ́ pátápátá, òun ló ń di ọwọ́ yín mú dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ń rọra rìn torí ẹsẹ̀ rẹ̀, òun náà ń rọra rìn torí ojú yín.

Mi ò mọ̀ pé ó wà nípàdé náà, àfi ìgbà tí mo rí i tó ń tiro bọ̀ níwájú. Ó ti di tíṣà báyìí, ó sì ti bímọ. Ó gba máíkì.

"Dírẹ́bà tó gbá mi ò ríran dáadáa, wọ́n sì mọ̀. Mádàámù, ká ní ọkọ̀ yín ni, bóyá ì bá ti rí mi. Mi ò bá yín jiyàn. Àmọ́ wọ́n sọ̀kalẹ̀. Wọ́n gbé mi. Wọ́n sọ òótọ́ tó lè gbé wọn dé ẹ̀wọ̀n. Bí ọkọ̀ yín bá gbá ọmọ tèmi lọ́la, ta ni yóò sọ̀kalẹ̀?"

Obìnrin ilé-iṣẹ́ náà yíjú sí i.

"Áńtì, mi ò mọ̀," ló fi ohùn jẹ́jẹ́ dáhùn. "Òfin ìyẹn ò tíì sí."

Mo dìde. Mo ní bàbá mi ni dírẹ́bà yẹn. Mo ní bó bá jẹ́ lóòótọ́ ni ọkọ̀ yìí ń ríran ju èèyàn lọ, kó máa bọ̀, torí irú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ràṣídà kò yẹ kó tún ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òfin yan èèyàn kan pàtó nílé-iṣẹ́ náà tó máa wá sí ọsibítù, tí kò sì gbọ́dọ̀ fi ohun tó mọ̀ pamọ́ fún wa. Àwọn ará ìjọba tó wá kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣé wọ́n máa lò ó? Mi ò lè sọ.

Níta, Ràṣídà dì mọ́ mi.

"Dádì yín ò jẹ́ kí n ráyè bínú sí wọn rí. Oore tí wọ́n ń ṣe mí ti pọ̀ jù. Ṣé ó burú kí n bínú sí wọn báyìí tí wọ́n ti kú?"

Mo ní kò burú. A jọ sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí àwọn tó ń kọjá ń kí wa kú ọ̀fọ̀.

Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa, Dádì? Ṣé ẹ rò pé ebi ni a máa bẹ̀rù ju kí nǹkan ṣe yín lọ? Èmi náà ń bínú sí yín. Mo ń bínú, mo sì ń ṣàárò yín, méjèèjì ló jọ ń bá mi jí láràárọ̀.

Ṣé ẹ ti ń ríran níbi tí ẹ wà? Bí ẹ bá ti ń ríran, ẹ bá mi wo Ràṣídà. Ojú yín fọ́ kó tó dàgbà, ẹ ò mọ bó ṣe rí. Ó rẹwà, Dádì. Ó rẹwà gan-an.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín tinútinú.