Ẹ̀pà Tí Wọnlẹ̀ Gbìn Sílẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Karùn-ún 2024

A sin ọkọ mi ní Kétu ní Àbámẹ́ta. Mo ti padà sí ilé wa ní Godomey. Ilé dákẹ́ jù. Ẹ̀pà tó gbìn sí ẹ̀yìnkùlé ò mọ̀ pé ó ti lọ — ó ń tanná.

Wọnlẹ̀ ni mo máa ń pè é, torí kò lè gbin nǹkan kan láìkọ́kọ́ fi okùn wọnlẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín ilẹ̀ náà sí. Ìkíní, ẹ̀pà jìnnà síra wọn: mo sọ ọ́ ní Adáwà. Ìkejì, bí wọ́n ṣe ń gbìn ín ní Kétu: Ẹgbẹ́. Ìkẹta há gádígádí bí èrò ìlú wa: Èrò Godomey.

Àbúrò rẹ̀ Ọláolú, tó ń dáko ní Kétu, ní ẹ̀pà tó bá há kì í so. Wọnlẹ̀ ní irọ́ ni, èyí tó há ló máa pọ̀ jù. Wọ́n jiyàn títí ikú fi dé. Èmi ni màá parí iyàn yẹn. Bí mi ò bá ṣe é, a jẹ́ pé ohun tó ń rò bá a wọ ilẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 23

Òjò. Mi ò jáde.

Àìkú, 2 Oṣù Kẹfà

Èrò Godomey ti bo ilẹ̀, koríko ò ráyè hù níbẹ̀. Koríko ti gba Adáwà. Èmi àti Wọnlẹ̀ la jọ máa ń ro ó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, mo jókòó sáàárín rẹ̀, mo sunkún.

Ọjọ́rú, 5

Sọ̀fíyàt, ẹ̀gbọ́n Wọnlẹ̀, dé láti Kétu. Ó ní òun wá jókòó ti ìyàwó àwọn. Ó rí ọkọ́ lọ́wọ́ mi, ó gbà á. Nílé wọn, opó kì í fọwọ́ kan ọkọ́ títí yóò fi bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, koríko ò mọ ọ̀fọ̀ o. Ó gbé ọkọ́ wọlé.

Ẹtì, 7

Mo ti iléèwé tí mo ti ń kọ́ni ní Gbégamey dé. Sọ̀fíyàt ń fọ ọwọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun ti bá mi ṣe oko, kí n má ṣèyọnu mọ́. Ó ti fa Èrò Godomey tu, ó fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ káàkiri. Ó ní wọ́n há jù, àánú wọn ṣe òun.

Èyí tó fà tu wà nílẹ̀, ó ti rọ. Inú rere ló fi ṣe é — ìyẹn gan-an ló ká mi lára. Mi ò rí i bú. Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn.

Àbámẹ́ta, 8

Mo sọ fún un. Pé híhá yẹn gan-an ni Wọnlẹ̀ ń dán wò. Ó ní ṣé òun ti wá bá ikú ba iṣẹ́ àbúrò òun jẹ́ ni. Mo ní rárá. Mi ò fi gbogbo ọkàn sọ ọ́.

Ìṣẹ́gun, 18

Ó ń se ọbẹ̀, mò ń jẹ. Mi ò dé ẹ̀yìnkùlé mọ́.

Àbámẹ́ta, 27 Oṣù Keje

Ewé ẹ̀pà ti ń pọ́n. Sọ̀fíyàt ló fúnra rẹ̀ gbé ọkọ́ fún mi. Ó mú mi dé igun kan lẹ́bàá ògiri: òjò ló lé òun níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ òun ò kàn án. Ó ṣì há níbẹ̀, bí Wọnlẹ̀ ṣe gbìn ín.

Mo tẹ́ ìborùn mi dúdú lé igun náà, mo hú gbogbo ohun tó wà níwọ̀n rẹ̀. Mo tẹ́ ẹ sínú Ẹgbẹ́, mo tún tẹ́ ẹ sínú Adáwà, kí ààyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè dọ́gba. Adáwà: ìdí kọ̀ọ̀kan so jìngbìnnì, àmọ́ mélòó ni wọ́n? Kò kún ìdajì abọ́. Ẹgbẹ́ sàn díẹ̀. Èrò: ìdí kọ̀ọ̀kan ò so tó bẹ́ẹ̀, Ọláolú ò purọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀. Wọ́n kún abọ́ dẹ́múdẹ́mú, ìyókù ń dà sílẹ̀.

Inú mi dùn. Mo gbé abọ́ náà sókè, mo kọjú sí ilé, mo pè é. Wọnlẹ̀, wá wò ó, ìwọ lo jàre.

Sọ̀fíyàt gbọ́. Ó gba abọ́ lọ́wọ́ mi kó má baà já bọ́.