Ife Kẹta Tó Wà ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Beyerunka, Ìbàdàn.
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àílà.

Nojeem Àjàní, ọmọ mi,

Àlàáfíà kó máa bá ọ gbé ní Èkó níbẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ìlú ẹlẹ́nìyàn gbé ọ mì. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa? Gbogbo ilé ń kí ọ, Zulaihat ọmọ àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ń kí ọ, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ń kí ọ. Hikmat ọmọ rẹ náà ń kí ọ, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ó ṣì wà láyé tó ń kí ọ, wàá rí ohun tó jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ bí o bá ń kà á lọ.

Láti ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni fóònù rẹ kò ti lọ mọ́. Obìnrin tó ń gbé inú fóònù náà ló ń dá mi lóhùn, mo kí i dáadáa, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi lọ kan ilẹ̀kùn rẹ wò, ṣùgbọ́n kàkà kó dìde, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ ṣáá, ó wá dákẹ́ mọ́ mi lórí. Ẹni tó kọ́ ọmọ yẹn níṣẹ́ kò kọ́ ọ ní ìkíni. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà.

Àrùn onígbáméjì, tí ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ń pè ní kọ́lẹ́rà, ti wọ àdúgbò wa. A ò gbọ́ ariwo ọmọdé mọ́ láti ibí títí dé ìdí òkè Mápó, ilẹ̀kùn tí kì í tì lọ́sàn-án ti di títì, ewúrẹ́ nìkan ló kù tó ń rìn láàárín ọ̀nà, tí wọ́n ń yọjú wo inú ilé onílé bí ẹni ń wá ẹnì kan. Ká sòótọ́, ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn bà mí lẹ́rù ju àrùn náà lọ.

Ọjọ́ Àtìní ni nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Jemima, ọmọ Kudeti, mú fọ́ọ̀mù ìjọba wá. Ó da oògùn funfun sínú kànga wa, ó wá ní kí n dárúkọ gbogbo ẹni tó jẹ́ ti ilé yìí, kí n má yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, torí iye orí ni òun máa fi pín oògùn. Mo dárúkọ ara mi, mo dárúkọ Hikmat, mo dárúkọ Zulaihat àti àwọn ọmọ rẹ̀. Mo wá dárúkọ Fàsásì bàbá rẹ, pẹ̀lú ìyá wọn àti bàbá wọn. Ìwọ náà kúkú mọ̀ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, lábẹ́ sìmẹ́ǹtì tí mò ń gbá láràárọ̀, wọn ò sì kó lọ síbì kankan láti ọjọ́ tí a ti tẹ́ wọn síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì béèrè bóyá ara wọn le, mo ní láti ọdún mẹ́jọ ni bàbá rẹ kò ti sọ pé nǹkan kan ń ro àwọn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ nìkan ni mi ò dárúkọ, mo rò pé ìjọba Èkó á ti kọ tìẹ.

Bó ṣe fún wa ní ìdì iyọ̀ àti ṣúgà mẹ́jọ nìyẹn, ó ní ká pò ó mọ́ omi tí a bá sè, kí ẹni tó bá ń bì tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru máa mu ún. Mo ti márùn-ún mọ́ inú àpótí. Mẹ́ta tó kù, èmi kì í jẹ ìpín ẹni ẹlẹ́ni, orúkọ wọn la fi gbà á, mo pò ó sínú ife mẹ́ta, mo gbé e sí ibi orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ìjọba ló ní ká fún yín. Zulaihat wò mí títí, ó fa àwọn ọmọ rẹ̀ wọ yàrá.

Lọ́jọ́ kejì, Zulaihat kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Àrẹ̀mọ, èmi náà sáré lọ ra kẹrosíìnì ní Ọjà'ba, kọ́kọ́rọ́ àpótí wà lọ́rùn mi. Mo fi Hikmat sílẹ̀ lórí ẹní, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Nígbà tí mo dé, ọmọ ti bì, ó ti yàgbẹ́ títí ojú rẹ̀ fi jìn wọnú, ó wà nílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé orí lé sìmẹ́ǹtì bàbá rẹ, ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ife méjì ti gbẹ. Mo gbé e pọ̀n, ọ̀kadà ló sáré gbé wa dé ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì Jemima wà níbẹ̀. Ó ní bí kì í bá ṣe omi oníyọ̀ tó ti mu, òkú ni ǹ bá bá nílé, ó béèrè ẹni tó fún un. Mo ní kò sẹ́nì kankan nílé. Ni Hikmat bá lajú, ó ní Bàbá Àgbà ni, wọ́n gbé òun lórí sókè, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sínú ife náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó fún òun mu. Nojeem, omi tútù ni o! Ta ló ń fẹ́ omi tútù bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, bí kò ṣe bàbá rẹ? Wọ́n ti lọ kí a tó bí ọmọ yìí, mi ò sì sọ ọ́ fún un rí. Ó ní òun tọrọ ife kẹta, wọ́n kọ̀, wọ́n ní ti Nojeem ni, wọ́n ní ẹni tí Màmá ò kọ orúkọ rẹ̀ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì ní kí n mú òun lọ sọ́dọ̀ bàbá náà kí òun lè yẹ̀ wọ́n wò. Mo ṣàlàyé ibi tí wọ́n wà fún un. Agbòòrùn rẹ̀ tó gbàgbé sílé wa lọ́jọ́ Àtìní ṣì wà níbí, kò tíì wá mú un.

Hikmat ti padà sílé láti àná, ó ń mu ẹ̀kọ. Ife kẹta ṣì wà níbẹ̀, ó kún, èèrà kan ò sún mọ́ ọn, mo ti fi àwo bò ó. Mo fẹ́ tọrọ owó sìmẹ́ǹtì tí a ó fi ṣe ìdérí kànga lọ́wọ́ rẹ, àti owó káàdì fóònù, ṣùgbọ́n fi owó sílẹ̀ ná. Rédíò ní àrùn yìí ti dé Èkó. Ìwọ gan-an ni mò ń tọrọ. Ṣé inú ò run ọ́? Ẹ̀rù ń bà mí, Àjàní. Awakọ̀ kan ní Molete ni mo fẹ́ fi lẹ́tà yìí rán, mo ní bí kò bá bá ọ nílé, kó má fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kó wọlé wá ọ.

Omi tí o bá mu kò ní ṣe ọ́ ní jàǹbá. Ẹsẹ̀ tó gbé ọ lọ ni yóò gbé ọ wálé, ojú mi kò ní rí àlàfo rẹ, ọwọ́ rẹ ni yóò sin mí. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àtọ́kẹ́.

Mo gbàgbé. Kí n tó lẹ àpòòwé yìí pa, mo ṣí àwo orí ife náà wò. Omi inú rẹ̀ ti dín dé ìdajì. Bó bá jẹ́ ìwọ lò ń mu ún, ọmọ mi, rọra máa mu ún, má ṣẹ́ nǹkan kan kù síbẹ̀.