Iye Ènìyàn Tó Ń Wo Wòónílé

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025

Iye owó àṣẹ tí ìjọba ní ká san ti jáde. Ìpele àkọ́kọ́, ti àwọn tó tóbi jù, ni wọ́n fi Wòónílé, ìkànnì fíìmù wa, sí, àwa pẹ̀lú àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun. Owó ọdún kan ní ìpele yẹn ju gbogbo ohun tí Wòónílé ti pa láti ìgbà tí Jayé, àbúrò mi, ti dá a sílẹ̀. Bí a kò bá san án kí oṣù yìí tó parí, wọn yóò ti ìkànnì náà pa.

Mo wà níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo ń kọ àkọsílẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi fíìmù hàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Oṣù Kẹjọ ni, ní ìjókòó ẹgbẹ́ wa. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó fíìmù fẹ́ mọ bí kálukú ti tóbi tó kí wọ́n tó bu owó lé e. Wọ́n gbé máíkì káàkiri – ènìyàn mélòó ló ń sanwó wo fíìmù lọ́dọ̀ yín? Máíkì dé ọ̀dọ̀ Jayé. Ó ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Alhaji Shittu, tó ni èyí tó pọ̀ jù nínú fíìmù tí à ń fi hàn, jókòó níwájú. Ó pàtẹ́wọ́.

Kò sẹ́ni tó ń sọ iye tòótọ́ nínú iṣẹ́ yìí. Fíìmù tí àga ṣófo lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jáde, wọ́n á ní èrò ń gun ara wọn lórí. Bí ẹni ń kíni ni, bí ìgbà tí ara kò yá tí a sì ní a dúpẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tó ń bu owó ló gbọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹwàá

Bámi, tó ń bójú tó ẹ̀rọ wa, ka àwọn tó ń sanwó lóòótọ́. Wọn kò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Mo ní ṣé ó dá a lójú.

"Aunty, mo tiẹ̀ ka àwọn òkú mọ́ ọn."

Àwọn tó ti gbàgbé pé báǹkì ń yọ owó wọn lóṣooṣù ló ń pè bẹ́ẹ̀. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹwàá

Ẹnudùn – orúkọ tí mo ti ń pe Jayé láti kékeré – kò wálé. Ọ́fíìsì ní Ìkòsì ló ń sùn sí. Mo gbé oúnjẹ lọ. Òjò ti pa èèpo àti tòmátò tó bàjẹ́ pọ̀ ní ọjà Mile 12 tó wà nítòsí, òórùn rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé.

Mo ní kó lọ sọ òótọ́. Ó ní bí Alhaji bá gbọ́, á kó fíìmù rẹ̀ lọ. Mo ní bí kò bá sọ ọ́, kò ní sí ibi tí Alhaji yóò ti kó nǹkan kan.

"Aunty mi, iye yẹn nìkan ni mo ní."

Mo gbé oúnjẹ náà síwájú rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Kẹwàá

Ṣọ́ọ̀ṣì. Òjò. Èmi àti Jayé kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ owó náà.

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ bá wọn ní ilé iṣẹ́ ìjọba náà. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Vivian ló dá mi lóhùn. Kò bínú, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí àwa fẹnu ara wa sọ ni àwọn fi ṣírò owó. Gbangba ni Jayé ti sọ ọ́, gbangba ni yóò ti yí i padà – ní ìjókòó Ọjọ́bọ̀, lójú gbogbo ẹgbẹ́.

"Madam, bí a bá gbà á ní kọ̀rọ̀, tó bá di ọ̀la gbogbo yín lẹ máa di kékeré."

Mo lọ jíṣẹ́ fún Jayé.

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kẹwàá

Jayé sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé wọ́n ní kó tún un sọ.

Alhaji kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Iye àwọn tó bá wo fíìmù rẹ̀ la fi ń pín owó fún un, ohun tó sì ń rí gbà kò tó nǹkan. Ó yíjú sí Jayé.

"Ọdún méjì ni mo fi rò pé ò ń jẹ owó mi. Mo fojú fò ó, mo ní ọmọdé ń jẹun ni. Àṣé kò sí owó rárá. Ì bá sàn kó o jẹ́ olè, ọmọ mi. Tó bá jẹ́ olè ni ọ́, a jẹ́ pé ọjà mi ń tà."

Ó kó fóònù rẹ̀, ó jáde. Ó kéré tán, àwọn méjì mìíràn wà nínú gbọ̀ngàn náà tí mo mọ̀ pé irọ́ tiwọn ju ti Jayé lọ. Bàtà wọn ni wọ́n ń wò. Kò sẹ́ni tó dìde.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wáyé.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Oṣù Kẹwàá

Alhaji pè. Kò pariwo – ìyẹn ló burú jù. Tó bá fi máa di Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí gbogbo fíìmù òun ti kúrò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Oṣù Kẹwàá

Vivian pè. Wọ́n ti gbé wa wá sí ìpele kẹta. Owó tí apá wa ká – tipátipá.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, ẹnì kan lọ́dọ̀ wọn yóò ṣí ìkànnì wa, kó fojú ara rẹ̀ rí i pé fíìmù wà níbẹ̀. Ìkànnì tó ṣófo kò lè gbàwé àṣẹ.

Bí Alhaji bá lọ, ti Màmá Martha nìkan ló kù. Òṣèré àtijọ́, Kétu ni wọ́n ń gbé. Owó ara wọn ni wọ́n fi ṣe fíìmù wọn, àwọn ló ni ín. Àbámẹ́ta kan náà ni àdéhùn wa pẹ̀lú wọn ń parí. Àfi kí wọ́n gbà lákọ̀tun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Oṣù Kẹwàá

Ojú ń ti Jayé, èmi ni mo lọ sí Kétu. Suwebat, àbíkẹ́yìn Màmá, fún mi ní àga. Màmá kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ délẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ nípa ìjókòó náà.

"Àbúrò rẹ ló sọ fún mi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń wo tèmi. Edith, mélòó ni?"

Bámi ti sọ ọ́ fún mi kí n tó kúrò nílé. Mo lè ní n kò mọ̀.

"Mọ́kànlélọ́gọ́ta, Mà. Lóṣù tó kọjá."

Màmá wo Suwebat. Tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò ń dún.

"Ṣé o ka Suwebat mọ́ ọn?"

Mo ní ó ṣeé ṣe. Suwebat wolẹ̀. Màmá ní kó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, pé àwọn á rò ó.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Oṣù Kẹwàá

Ti Alhaji ti kúrò. Bámi ti bo ti Màmá mọ́lẹ̀, àdéhùn ti parí, a kò lè fi hàn láìgbàṣẹ. Ojú ìkànnì náà: orúkọ wa, òfìfo lábẹ́ rẹ̀.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní ọ́fíìsì. Lọ́sàn-án ni Bámi fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí Màmá: ṣé ká fi fíìmù yín hàn lọ́la? Ó hàn lójú fóònù pé wọ́n ti kà á.

Wọn kò tíì fèsì.