Ìdúró Àṣàbí

Ilé Alfa Rájí,
Ìwó.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 1957.

Dúpẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tọkàntọkàn láti ilé. Mo kí bàbá ilé rẹ, mo sì kí ọmọ tí mi ò tíì fojú rí. Ṣé ara yín le? Òtútù ibẹ̀ á ti máa bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kó wọ inú eegun yín. Bàbá mi ní kí n kí ọ. Ojú wọn ti di bàìbàì, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń béèrè "ọmọ Onígbàgbọ́ tó máa ń jẹ ẹ̀pà mi nígbà tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú."

Lẹ́tà rẹ ti oṣù kẹfà tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní oṣù keje, òun àti fọ́tò, àti bébà márùn-ún tí o ya àwòrán sí. Mo mọ̀ pé o ti ń retí èsì títí ọrùn rẹ fi gùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ tí mo fà á ya. Jókòó, Dúpẹ́. Bí o bá ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Bí àwọn àgbà ṣe máa ń yí irú ọ̀rọ̀ yìí po kí wọ́n tó sọ ọ́, mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Àṣàbí ò sí mọ́. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ló pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti kú.

Ikọ́ ife ni. Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ló wúkọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá a jáde, ó fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà á pé bí ìyá ọkọ òun bá gbọ́, wọ́n á ní kí òun kó ẹrù òun padà sí abà bàbá òun lọ́nà Kúta. Èmi tí mò ń rí i lójoojúmọ́, mo rò pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dín bùbá kan náà kù fún un láàárín ọdún kan. Télọ̀ ni mí, ọwọ́ mi ló mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, síbẹ̀ mi ò bi í léèrè ohun kan.

Oṣù kẹrin, nígbà tí kò lè fi ikọ́ náà pamọ́ mọ́, ni èmi àti Àmúdà ọkọ rẹ̀ tó gbé e wọ lọ́rì lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀. Dókítà gbé fọ́tò náà sókè sí ojú fèrèsé, ó fi ìka tọ́ ibi tó funfun, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ìyàwó, ì bá ṣe pé ẹ ti wá láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni." Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni wọ́n fi gún un lábẹ́rẹ́, tí ìdí rẹ̀ le bíi pákó. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí a máa gbé e lọ sílé, kí ó máa sinmi, kí ó sì máa jẹ ẹyin dáadáa. Àmúdà béèrè pé ìgbà wo ni kí a padà wá. Dókítà ní kò di dandan.

Lẹ́yìnkùlé ilé ọkọ rẹ̀ ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, ní yàrá tí wọ́n ń kó àgbàdo sí tẹ́lẹ̀. Wọ́n ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n ya ife rẹ̀ sọ́tọ̀. Àwọn ọmọ ilé máa ń sáré kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bí ẹni tí ajá ń lé. Ibẹ̀ ni mo ti ka lẹ́tà rẹ sí i létí, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Mo fẹ́ kí o mọ bó ṣe gbọ́ ọ, nítorí pé pẹ̀lú ayọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀.

Mo kà á dé ibi tí o ti ní o ríṣẹ́ ìgbálẹ̀ sí gbọ̀ngàn ńlá kan ní Níú Yọ́ọ̀kì, níbi tí àwọn oníjó tí ẹ̀yìn tàbí orúnkún ń dùn ti ń ṣe ìdárayá orí ẹní tí wọ́n ń pè ní Pílátíìsì, àti pé oníjó ni ọ̀gá rẹ obìnrin náà fúnra rẹ̀ kó tó kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Àṣàbí ní, "Ẹ gbà mí o! Abiyamọ á dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án gangan, á máa na ẹsẹ̀ sókè, á sì tún sanwó fún un?" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó nu ẹnu rẹ̀, ó ní kí n máa kà á lọ.

Mo kà á dé ibi tí o ti ní ení, èjì, ẹ̀ta ni wọ́n ń kà, pé wọ́n á há èémí mọ́ inú, ara wọn á le gbandi. O ní lọ́jọ́ kan o ò lè mú un mọ́ra mọ́, o gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, o ní kí wọ́n wo bí àwọn obìnrin abà Ògúnkúnlé, abà bàbá Àṣàbí, ṣe ń jó fún Òrìṣà Oko nígbà iṣu tuntun. Àtẹ́wọ́ nìkan, kò sí ìlù. Èémí á jáde, ìbàdí á sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé e. Èémí á wọlé, ẹ̀yìn á máa gùn sókè bí ìtàkùn iṣu tó ń wá orí ọ̀pá. Ọ̀gá rẹ ní kí o tún un ṣe. Láti ọjọ́ náà ló ti yọ ení-èjì kúrò. Èémí ló ń ṣáájú, ara ń tẹ̀ lé e, ọ̀kan ń ṣàn wọ inú èkejì bí ijó, àwọn èèyàn sì ń wá láti ọ̀nà jíjìn. Àṣàbí gbé orí rẹ̀ sókè lórí ìrọ̀rí. Ó ní, "Dúpẹ́ yìí! Ẹni tí kì í mọ ẹsẹ̀ tí á kọ́kọ́ gbé."

O mọ bí a ṣe ń yọ́ lọ sí abà náà, ìwọ ọmọ oníṣọ́ọ̀ṣì, èmi ọmọ alfa, tí a máa ń parọ́ pé orógbó la fẹ́ lọ ṣà. Lẹ́yìn tó fẹ́ Àmúdà, tó di ará ilé ìmàle, á ní òun ń lọ kí àwọn èèyàn òun, á lọ jó, á sì padà wá dáná alẹ́. Ìgbà tó jó kẹ́yìn, lọ́dún 1952, èmi àtìwọ wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì lo wọ ọkọ̀ ojú omi.

Mo wá kà á dé ibi tí o kọ báyìí: "Ohun tó wu ọ̀gá mi jù ni ibi tí Àṣàbí ti máa ń dúró kó tó yí padà, tí á fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́, tí á mí kékeré lẹ́ẹ̀mẹta, tí á wá mí gígùn kan jáde. Ìdúró Àṣàbí ni wọ́n ń pè é níbí báyìí. Orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu òyìnbó láràárọ̀." O ní ọ̀gá rẹ fẹ́ san owó ọkọ̀ rẹ̀ kó wá fi ojú ijó náà gan-an hàn wọ́n. Àṣàbí ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kí n tún ibi ìdúró yẹn kà. Mo tún un kà. Ó kọjú sí ògiri. Èmi rò pé ìrìn àjò tí kò lè lọ ló dùn ún.

Ní ọjọ́ kejì ó ní kí n tẹ́ ẹní. Mo gbé bébà rẹ sókè, mò ń ka ohun tí o kọ sábẹ́ àwòrán, ó ń ṣe é: ó dùbúlẹ̀, ó ká orúnkún, ó ń mí jáde, ó ń gbé orí díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ṣe é. Oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó dìde lọ́jọ́ kan, ó rìn dé ìdí kànga, ó sì rìn padà láìfọwọ́ ti ohunkóhun. Dúpẹ́, mo gbà pé yóò yè. Mo lọ ra áńkárá aláwọ̀ ewé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ tí yóò wọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi. Mi ò sọ fún un. Mo fẹ́ kó bá a lójijì.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ẹ̀jẹ̀ náà padà dé. Ẹní la fi mọ̀. Gbogbo rẹ̀ ti rin. Mo fi ọwọ́ ara mi fọ̀ ọ́, omi mẹ́rin ni mo dà, kò mọ́. Láti ọjọ́ náà, kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́. Ìjókòó ló fi ń sùn.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ló sọ ohun tí mo torí ẹ̀ fa lẹ́tà méjì ya. Ó ní, "Ràhámọ̀tù, ìdúró tí Dúpẹ́ ń wí, kò sí nínú ijó. Ìyá mi ò dúró níbẹ̀ rí. Ẹ̀gbẹ́ ló ń gún mi lọ́dún náà. Mo dúró nítorí pé èémí mi ò tó mọ́. Èémí ni mò ń wá." Mo ní ṣé ó dá a lójú. Ó ní, "Èmi ni mo ni ẹ̀gbẹ́ náà."

Ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni o, Dúpẹ́. Àìsàn náà ti wà lára rẹ̀ lójú wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwa méjì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Dókítà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ì bá tó láti gbà á là. Mi ò sọ èyí láti dá ọ lẹ́bi. Bí ẹ̀bi bá wà, èmi tí mo dúró sílé ló ni ín.

Ohun tó kù tó ń dà á láàmú ni pé kí o má fi irọ́ kọ́ àwọn èèyàn. Ó rán mi sí Olúpọ̀nnà, sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Fáṣínà, pé kí n lọ wo ibi ìyípadà náà bó ṣe rí gan-an, kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá náà, mo ṣàlàyé. Wọ́n fi ọ̀pá ti ara wọn dìde lórí àpótí, wọ́n dúró fún ìgbà díẹ̀, wọ́n tún jókòó. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, láti ìgbà tí àwọn ọmọ mi ti gba ẹ̀sìn, mi ò jó o mọ́. Ẹsẹ̀ mi ti gbàgbé. Àṣàbí nìkan ló mọ̀ ọ́n. Òun ni kí o bi." Mo bi wọ́n bóyá ẹlòmíràn wà ní abà. Wọ́n ní kòkó ni wọ́n gbìn sójú agbo ijó báyìí.

Nígbà tí mo padà dé, mo parọ́ fún Àṣàbí. Mo ní wọ́n ti fi hàn mí. Ó ní kí n dìde kí n jó o kí òun rí i. Mo dìde, mo ń jó ohun tí mi ò mọ̀, níwájú ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ràhámọ̀tù, jókòó." A ò sọ̀rọ̀ ijó mọ́ títí ó fi kú.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni. Mo gbé e ti àyà mi, ó ń fa èémí, ó ń fà á, ọwọ́ rẹ̀ di apá mi mú. Lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀. Wọ́n sin ín kó tó di ìrun Jímọ̀. Àwọn èèyàn rẹ̀ láti abà dé nígbà tí wọ́n ti bo ilẹ̀ tán. Bí oníjó Òrìṣà Oko bá kú, àwọn obìnrin ló yẹ kó jó sìn ín dé ibojì. Wọ́n dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, ọwọ́ wọn wà lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ kan ṣoṣo.

O bi mí nínú lẹ́tà rẹ bóyá yóò wá. Èsì rẹ nìyí. Bóyá kí o sọ òótọ́ ìdúró yẹn fún ọ̀gá rẹ, mi ò mọ̀. Bí o bá sọ ọ́, wọ́n á yọ ọ́ kúrò, orúkọ rẹ̀ á bá a lọ. Bí o ò bá sọ ọ́, àwọn tí ara wọn le á máa san owó láti ṣe bí ẹni tí èémí ń tán. O ní ó ń tu àwọn ẹlẹ́yìn dídùn lára. Ó dára bẹ́ẹ̀. Kò tu Àṣàbí lára, kò sì tu èmi nínú.

Ó yẹ kí n ṣàdúrà gígùn fún ọ, ẹnu mi ló wúwo. Ọlọ́run kó dá ọ sí. Kó má jẹ́ kí o gbọ́ irú èyí láti ilé mọ́. Kó jẹ́ kí ọmọ rẹ sin ọ́, kí o má sin ín. Kó forí ji Àṣàbí. Bí ohunkóhun bá gún ọ ní ẹ̀gbẹ́, bó ti wù kó kéré tó, lọ sọ fún wọn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré, tó kù sílé,
Ràhámọ̀tù ọmọ Alfa Rájí.

Àfikún: Mo ti pa ìwé yìí pọ̀ tán nígbà tí Àmúdà wọlé. Ó béèrè bóyá bébà àwòrán rẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo kó wọn fún un. Ó tò wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wò wọ́n, ó wá bi mí bóyá bí ìyàwó òun ṣe máa ń jó nìyẹn. Ó ní ọdún méje ni àwọn fi wà pọ̀, òun ò rí i kó jó rí. Mo sọ fún un pé rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun mú bébà náà lọ. Mo ní kó máa mú un lọ.